Bí Ẹ̀rọ Méjì Ṣe Ń Mọ̀ Pé Okùn Tí Ó So Wọ́n Pọ̀ Ti Já



Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí òṣùpá bá yọ, tí àgbàlagbà kan sì fẹ́ pa ààlọ́ fún àwọn ọmọdé, kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Yóò kọ́kọ́ ké pé, “Ààlọ́ o!” Àwọn ọmọ yóò sì dáhùn pé, “Ààlọ̀!” Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ẹnu lásán ni èyí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òkùnkùn, apààlọ́ kò rí ojú àwọn tí ń gbọ́ ọ dáadáa. Ìdáhùn wọn ni ó fi ń mọ̀ pé wọ́n wà lójúfò, àti pé ohùn òun ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ìtàn bá gùn, tí ó dá orin tí kò sì gbọ́ ègbè mọ́, yóò mọ̀ pé oorun ti gbé wọn lọ. Yóò dá ìtàn dúró níbẹ̀, kí ó má baà máa bá ògiri sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ti Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Sàró àti ilẹ̀ Haúsá wá ní irú ìpè àti ìdáhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ilé yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ni a ó fi ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀kọ́ tòní. Ẹ̀kọ́ náà ni bí àwọn ẹ̀rọ tí a so pọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ti bàjẹ́, àti ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n tètè mọ̀.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Bí a bá so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni a ń pè é. Ní àwọn oríta nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ̀rọ atọ́nà wà, èyí tí a ń pè ní ráútà. Iṣẹ́ ráútà dàbí iṣẹ́ akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìdì kéékèèké. Yóò wo àdírẹ́sì tí ó wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi í sí ọ̀nà tí yóò gbà dé ibi tí ó ń lọ. Ohun tí ó wà láàárín ráútà kan àti èkejì ni a ó máa pè ní ìsopọ̀. Ó lè jẹ́ wáyà bàbà, ó lè jẹ́ okùn dígí tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní fáíbà, ó sì lè jẹ́ ìgbì rédíò tí ń gba inú afẹ́fẹ́.

Bí ìsopọ̀ kan bá kú, tí ọ̀nà mìíràn sì wà, iṣẹ́ ráútà ni láti kó àwọn ìdì ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà kejì. Àwọn baba wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè yà kúrò lójú ọ̀nà tí kò mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Nítorí náà, kí a tó lè ṣe àtúnṣe, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

2. Ọjọ́ tí iná tàn wá jẹ

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ilé méjì ni a so pọ̀. Ọ̀kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí àwọn olùkọ́ ń ṣiṣẹ́. Èkejì wà lórí òkè, níbi tí a ń gbà fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí ìlú ńlá. Fáíbà kan ti ìsàlẹ̀ lọ sí inú àpótí kékeré kan nínú ilé ìkàwé tí ó wà ní agbedeméjì, fáíbà mìíràn sì ti inú àpótí náà gòkè lọ. Iṣẹ́ àpótí yìí kò ju pé kí ó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kí ó sì nà án sí òsì. Yàtọ̀ sí èyí, a tún ní rédíò kan lórí òrùlé, tí a ṣe sílẹ̀ fún ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tí ń gbẹ́ gọ́tà fi ṣọ́bìrì gé fáíbà tí ó wà láàárín ilé ìkàwé àti orí òkè. Wọ́n bo ilẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni èsì ìdánwò ìkọ́ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn gbọ́dọ̀ dé ìlú ńlá kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Nígbà tí ẹnìkan bèèrè bóyá ohun gbogbo ń lọ déédéé, a wo ráútà ìsàlẹ̀. Iná àwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn kedere. A ní, “Iná ń tàn, kò sí ohun tí ó ṣe é.”

Àṣìṣe wa nìyẹn. Iná náà kò sọ fún wa pé orí òkè ń gbọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé àpótí inú ilé ìkàwé ṣì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ráútà wa, òtítọ́ sì ni. Ráútà wá ń kó èsì sínú àpótí, àpótí sì ń dà wọ́n sínú òfo. Kọ̀ǹpútà tí ń fi èsì ránṣẹ́ ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì pariwo. Agogo mẹ́rin lù. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 64 kò sí nínú ìwé. Ó di dandan kí a kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà nínú wọn tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ti fi ipò olùkọ́ pa mọ́ fún. Kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó jáde, wọ́n ti fi ipò náà fún ẹlòmíràn.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé rédíò orí òrùlé wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ara rẹ̀ le, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan. Kì í ṣe àìsí ọ̀nà ni ó dá wa lóró. Àìmọ̀ pé ọ̀nà kan ti já ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

3. Àmì àkọ́kọ́: ìmọ́lẹ̀ tí ó kú

Ẹ má ṣe rò pé iná náà kò wúlò rárá. Bí fáíbà bá ti ara ráútà kan lọ tààrà sí ara ráútà kejì, tí ó sì já, ìmọ́lẹ̀ kò ní wọ ojú ẹ̀rọ mọ́. Ẹ̀rọ náà lè mọ èyí láàárín ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí àmì tí ó yá ju èyí lọ, kò sì gba wàhálà.

Ṣùgbọ́n àléébù mẹ́ta ni ó ní. Èkíní, kò lè rí ré kọjá ojú ẹ̀rọ tí ó sún mọ́ ọn jù. Bí àpótí kan bá wà láàárín, ìlera àpótí náà ni yóò máa jẹ́rìí sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe sí wa. Èkejì, ráútà tí ó wà ní ìkángun kejì lè ti dákú nínú, kí ó má lè darí ìdì ọ̀rọ̀ kankan mọ́, síbẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa tàn. Ẹ̀kẹta, okùn dígí méjì ni a sábà máa ń lò fún ìsopọ̀ kan, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá já, ẹni tí ó wà ní apá kan lè máa rí ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ wà nínú òkùnkùn.

4. Àwọn ọdẹ méjì àti àdéhùn wọn

Ẹ jẹ́ kí a wo àpèjúwe kan. Àwọn oníṣòwò ọjà kan gba ọdẹ méjì láti máa ṣọ́ ọjà lóru. Ọ̀kan wà ní ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn, èkejì wà ní ti ìwọ̀-oòrùn. Òkùnkùn kò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Bí ọdẹ kìíní kò bá gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, kí ni ó yẹ kí ó rò? Ó lè jẹ́ pé àlàáfíà ni, kò sí ohun tí ó yẹ ní sísọ. Ó sì lè jẹ́ pé olè ti di ẹnìkejì rẹ̀ lókùn. Ìdákẹ́ kan náà ni fún ọ̀ràn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣe àdéhùn ní ìrọ̀lẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa lu irin ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ọ̀ràn ti yí padà. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá láìsí ìró, ọdẹ kìíní yóò tẹ́tí sílẹ̀. Bí ogún bá kọjá, yóò dìde. Bí ọgbọ̀n bá kọjá, yóò fọn fèrè. Àdéhùn àkókò ni ó sọ ìdákẹ́ di ìròyìn. Láìsí àdéhùn, ìdákẹ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ráútà ń ṣe. Nínú ìlànà kan tí ó ń jẹ́ OSPF, èyí tí a tẹ ẹ̀dà rẹ̀ tí a mọ̀ jù jáde ní ọdún 1998, ìdì ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hello. Ìkíni ni. Lórí ọ̀pọ̀ ìsopọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 10 ni ó máa ń wà láàárín ìkíni kan àti èkejì. Bí ìṣẹ́jú àáyá 40 bá kọjá láìgbọ́ ìkíni, ráútà yóò kà á sí pé aládùúgbò òun ti kú. Nínú ìlànà mìíràn tí ó ń jẹ́ BGP, èyí tí ó so àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá ayé pọ̀, ìwé ìlànà ọdún 2006 dá a lábàá pé kí a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 kí a tó sọ ìrètí nù.

5. Ìdí tí ìṣẹ́jú àáyá 40 fi pọ̀ jù

Ẹnìkan lè wí pé, “Kí ni ìṣẹ́jú àáyá 40? Kò tó àkókò tí a fi ń bu omi mu.” Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìsopọ̀ kan ń gbé bíìtì 1,000,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 40, bíìtì 40,000,000,000 ni ó lè ṣòfò. Bíìtì mẹ́jọ ni ó wà nínú báìtì kan. Nítorí náà báìtì 5,000,000,000 ni. Ẹni tí ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù yóò rò pé ìyá òun ti pa fóònù. Ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́ yóò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kejì, ọkàn rẹ̀ kò sì ní balẹ̀.

Nítorí èyí ni Dave Katz àti Dave Ward fi kọ ìlànà kan tí ẹgbẹ́ IETF tẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2010. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Bidirectional Forwarding Detection. BFD ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe: ó ń wádìí bóyá ọ̀rọ̀ ń kọjá láàárín ráútà méjì, ní àlọ àti ní àbọ̀. Nígbà tí ó bá mọ̀ pé ọ̀nà ti já, yóò sọ fún OSPF tàbí BGP, àwọn ni yóò sì wá ọ̀nà mìíràn. Ó dàbí ọmọ tí a rán pé kí ó kàn máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ó má ṣe dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹ fi àkókò tí ó wà láàárín ìkíni méjì ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú iye ìkíni tí ó gbọ́dọ̀ sọnù léraléra kí a tó pariwo. Bí ìkíni bá ń wá ní ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí iye náà sì jẹ́ 3, a ní:

50 × 3 = 150

Ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Lórí ìsopọ̀ tí a ṣírò lókè, ohun tí yóò ṣòfò kò ní tó báìtì 19,000,000. Ẹ fi wé 5,000,000,000.

Àwọn ráútà méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ìyára yìí. Ọ̀kan yóò sọ bí òun ṣe fẹ́ yára sọ̀rọ̀ tó. Èkejì yóò sọ bí òun ṣe lè yára gbọ́ tó. Èyí tí ó lọ́ra jù nínú méjèèjì ni wọn yóò lò. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ yára ju bí ẹni tí ń gbọ́ ṣe lè gbọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ di olùkọ́, ẹ kọ èyí sínú ìwé yín.

6. “Mo ń gbọ́ ọ, ṣé ìwọ náà ń gbọ́ mi?”

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ wa. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ọdẹ ìwọ̀-oòrùn ń gbọ́ irin ẹnìkejì rẹ̀ kedere, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tirẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí ó bá jẹ́ pé ìró irin nìkan ni àdéhùn wọn, ọdẹ ìwọ̀-oòrùn lè sùn nínú ìgbàgbọ́ asán pé bí òun bá ké, a ó gbọ́. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Gbígbọ́ apá kan kì í ṣe ìbánisọ̀rọ̀.

Àwọn tí ó ṣe BFD ronú sí èyí. Nínú ìkíni kọ̀ọ̀kan, ráútà kì í sọ pé, “Èmi nìyí” nìkan. Ó tún ń dá nọ́ńbà tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkejì padà fún un, ó sì ń sọ ipò tí òun wà. Ipò mẹ́ta pàtàkì ni ó wà. Èkíní ni Down: “N kò tíì gbọ́ ọ.” Èkejì ni Init: “Mo ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀ bóyá o ń gbọ́ mi.” Ẹ̀kẹta ni Up: “Mo ń gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé o ń gbọ́ mi.” Àfi ìgbà tí àwọn méjèèjì bá dé ipò kẹta ni a tó lè gbà pé ìsopọ̀ wà láàyè. Ipò kẹrin kan tún wà fún ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ dá ìwádìí náà dúró.

Nísinsìnyí, ká ní okùn àbọ̀ nìkan ni ó já. Ráútà ìsàlẹ̀ kò gbọ́ ìkíni mọ́. Lẹ́yìn àkókò àdéhùn, yóò yí ipò rẹ̀ padà sí Down, yóò sì fi èyí sínú ìkíni tí ń lọ sókè. Okùn àlọ ṣì dára, nítorí náà ráútà òkè yóò gbọ́ pé a kò gbọ́ òun mọ́. Òun náà yóò kà á sí pé ìsopọ̀ ti kú. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe mọ òtítọ́ kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́.

7. Ewu tí ó wà nínú ìkánjú

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ gbogbo èyí lè wí pé, “Ó dára, ẹ jẹ́ kí a kúkú ṣe àkókò náà kéré tó bí a bá ti lè ṣe é.” Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọdẹ bá ń fọn fèrè ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkejì rẹ̀ bá dúró láti húkọ́, gbogbo ọjà yóò máa jí, wọn yóò máa sáré, nígbà tí ó bá sì yá, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn mọ́.

Bákan náà ni fún ráútà. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, tàbí pé ìdì ọ̀rọ̀ kún ojú ọ̀nà, tí ìkíni méjì tàbí mẹ́ta sì pẹ́. Bí a bá ti kánjú jù, a ó kéde ikú ìsopọ̀ tí ó wà láàyè. Gbogbo ráútà àyíká yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọ̀nà tuntun. Kí wọ́n tó parí, ìkíni yóò tún dé, wọn yóò sì tún ṣírò padà. Ìsopọ̀ tí ń kú tí ń jí báyìí burú ju èyí tí ó kú pátápátá lọ. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìsopọ̀ tí ó jí padà dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Kókó kan wà níhìn-ín tí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n rò pé bí ọ̀nà bá jìn, dandan ni kí ìdúró pẹ́. Kì í ṣe jíjìn nìkan ni a ó wò. Bí ẹnìkan bá ń lu ìlù lórí òkè tí ó jìnnà, ìró rẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n àlàfo tí ó wà láàárín ìró kan àti èkejì kò yí padà. Ohun tí ń da ìṣirò rú ni bí ìró kan bá tètè dé tí òmíràn sì pẹ́. Nítorí náà, kí a tó yan àkókò, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bí ìkíni ṣe ń dé déédéé tó lórí ọ̀nà náà gan-an.

8. Okùn abẹ́ òkun, oṣù Kẹta ọdún 2024

Ọ̀pọ̀ nínú yín rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní etíkun Abidjan ní Côte d’Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Láti Liberia dé Nàìjíríà, ilé ìfowópamọ́ kò lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ìpè kò sì já gaara.

Kì í ṣe àìmọ̀ ni ìṣòro ọjọ́ náà. Àwọn ẹ̀rọ tètè mọ̀ pé okùn ti já. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn ènìyàn rò pé wọ́n yàtọ̀ síra gba ibì kan náà kọjá lábẹ́ omi, wọ́n sì bàjẹ́ pọ̀. Okùn Equiano, tí ó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní ọdún 2022, kò já, ó sì gba ẹrù díẹ̀ lára wọn. Fún àwọn tó kù, àfi kí ọkọ̀ ojú omi lọ gbé okùn sókè láti ìsàlẹ̀ òkun kí a sì so ó padà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìtètèmọ̀ kò lè rọ́pò ọ̀nà kejì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà kejì kò ti wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ pé èkíní ti já. Àwọn méjèèjì ni a nílò.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí fáíbà ti já? A óò tan ìmọ́lẹ̀ ṣíún sínú rẹ̀, a ó sì wọn àkókò tí díẹ̀ nínú rẹ̀ fi tàn padà. Nínú dígí, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyíinì ni kìlómítà 200 nínú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Bí ó bá gba ìdá 0.4 nínú ẹgbẹ̀rún kí ó tó padà, ó ti rin kìlómítà 80 ní àlọ àti àbọ̀. Nítorí náà, ibi tí ó já wà ní kìlómítà 40 sí wa. Ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ ti mọ agbègbè tí yóò mú ṣọ́bìrì lọ.

9. Bí a ó ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì

Ẹ̀kọ́ yìí kò fẹ́ ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ mú ọmọ méjì, kí ẹ mú kí wọ́n kẹ̀yìn sí ara wọn ní ìkángun méjèèjì yàrá. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òkúta kékeré láti fi kan tábìlì. Kí gbogbo kíláàsì máa ka oókan dé aárùn-ún. Nígbà tí a bá dé aárùn-ún, kí àwọn méjèèjì kan tábìlì. Ẹ sọ fún wọn pé bí ẹnìkan bá pàdánù ìró ẹnìkejì nígbà mẹ́ta léraléra, kí ó nawọ́ sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ́ lọ gba òkúta lọ́wọ́ ọ̀kan, kí kíláàsì sì ka iye tí wọ́n kà kí ọwọ́ ẹnìkejì tó lọ sókè.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi owú di etí ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ọmọ yóò rí i pé ẹnìkan rò pé ẹnìkejì ti kú, nígbà tí ẹnìkejì rò pé àlàáfíà ni. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí a lè ṣe. Bí ẹ bá ní sùúrù, ọmọ kan yóò dìde yóò sì wí pé, “Kí wọ́n máa sọ fún ara wọn bóyá wọ́n ń gbọ́.” Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ni ó sọ ọ́, ẹ má ṣe gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ìbéèrè

(1) Ìkíni ń wá ní ìdá 200 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Mẹ́ta ni a lè pàdánù. Yóò ti pẹ́ tó kí a tó kéde pé ìsopọ̀ kú?

(2) Ráútà Kúmásì fẹ́ máa kí ní ìdá 300 nínú ẹgbẹ̀rún. Ráútà Támálè ní òun kò lè gbà ju ẹyọ kan lọ ní ìdá 500. Mẹ́ta ni iye àpàdánù. Kí ni àkókò ìdúró Támálè?

(3) Ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn ìdá 0.6 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Kìlómítà mélòó ni fáíbà náà ti já sí wa?

(4) Ṣàlàyé ìdí tí iná àwọ̀ ewé fi tàn ní gbogbo ọjọ́ tí èsì akẹ́kọ̀ọ́ 64 kò fi dé.

Ìdáhùn: (1) 600, (2) 1,500, (3) kìlómítà 60. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó dáhùn ẹ̀kẹrin.

Kí n tó fi kálámù sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹ̀yin tí ẹ ó dúró níwájú kíláàsì láìpẹ́. Ogójì ojú yóò máa wò yín, wọn yóò là sílẹ̀ kedere, ẹ ó sì rò pé ẹ̀kọ́ ń wọlé. Ẹ rántí iná ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ máa dúró lóòrèkóòrè kí ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Apààlọ́ inú òṣùpá ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́.